Ẹ̀yin tí amọ̀kòkò àlejò ti wá gbé nílùú yín rí, ẹ wá ròyìn

ỌmọÌjùmú
Okun o, gbogbo ilé. Mo gbọ́ pé àwọn oníṣẹ́ ọnà kan tún ń bọ̀ wá gbé lápá ọ̀dọ̀ wa ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọn á máa mọ amọ̀. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, kó wá sọ. Ṣé ìlú rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀?

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Ọ̀kan wá sí abúlé wa. Ọmọbìnrin ni, Èkó ló ti wá, amọ̀ ló kà ní yunifásítì. Ilé bàbá mi àgbà tó ṣófo ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ wá, oníná. Iná wo? Adìyẹ ló padà ń sùn lórí ẹ̀rọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ mọ ọ́n.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ti ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó bí màmá mi. Ìyá ń wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ sun ún, ìyá mú ọ̀kan, wọ́n fi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ó ṣì tutù. Omi wà nínú rẹ̀." Ọmọ ní rárá, ó ti pẹ́ nínú oòrùn. Wọ́n to igi, wọ́n fi koríko bò ó, wọ́n ṣáná sí i. Gbòà! Gbòà! Àwọn ọmọdé sá wọlé, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Ti ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú iná kan náà, kò sí èyí tó là.

Ìgbà yẹn ló tó jókòó ti ìyá. Wọ́n ní kó gún àpáàdì kúnná, kó pò ó mọ́ amọ̀, kó kọ́kọ́ fi iná kékeré yí ìkòkò ká kí omi rọra jáde, kó tó wá da igi sí i.

BàbáṢọlá Lọ́kọ́ja
Gbòà! Ẹ ti fi ẹ̀rín pa mí.

YàgbàGidi
Èmi ò gbà. Òkúta ló wà nínú amọ̀ yẹn.

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Amọ̀ kan náà ni ìyá lò o, ẹ̀gbọ́n.

YàgbàGidi
Ìyá ti ṣa òkúta ti wọn kúrò.

ÌyáÌbejì
Ẹ fi òkúta sílẹ̀. Àdùkẹ́, wọ́n sanwó fún ìyá?

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Ẹ tẹ ojú egbò. Ìró kan àti iyọ̀. Nígbà tí wọ́n wá pàtẹ iṣẹ́ náà l'Ékòó, àwòrán ọwọ́ ìyá ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ọwọ́ nìkan. Kò sí ojú, kò sí orúkọ. Ife kan níbẹ̀ tó owó ewúrẹ́.

ÌyáÌbejì
Ọwọ́ nìkan! Ṣé ọwọ́ ń dá rìn ni?

ỌmọÌjùmú
Ó dùn mí o.

BàbáṢọlá Lọ́kọ́ja
Ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ó padà wá kí wọn?

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Ó ń wá. Ó máa ń ra oògùn fún ìyá. Àwọn tó rán an wá ni mò ń bá wí.

Kábà_Boy
Ladi Kwali ńkọ́? Òun náà ti ń mọ ìkòkò nílé kó tó dé ibi iṣẹ́ amọ̀ tí òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Suleja. Ọdún 1954 ló débẹ̀. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ọ́n, ó ń ya alángbá àti àkeekèé sí i lára. Orúkọ rẹ̀ ò sọnù. Ẹ wo ẹ̀yìn ogún náírà.

YàgbàGidi
Ẹ̀yà Gbàgyí nìyẹn, kì í ṣe tiwa.

Kábà_Boy
Ṣùgbọ́n ẹ ń ná owó rẹ̀.

BàbáṢọlá Lọ́kọ́ja
Kí lẹ fẹ́ fi ogún náírà rà? Alágbe gan-an ò gbà á mọ́.

ỌmọÌjùmú
Tiwa náà wà. Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì, ó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílé.

YàgbàGidi
Aṣọ nìyẹn. Amọ̀ la ń sọ.

Ayọ̀ Ìlọrin
Lọ́dọ̀ wa ní Òkèlele, bí ìkòkò bá ti inú iná jáde, wọ́n á rì í sínú omi èèpo èso igi irú tí wọ́n ti sè. Ó máa ń dúdú, ó sì ń dán. Ṣé ìyá yín ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Rárá, ti ìyá pupa ni.

ÌyáÌbejì
Ọbẹ̀ inú ìṣaasùn ò láfiwé ṣá.

Kábà_Boy
Ẹ gbé e ka gáàsì kí ẹ wò ó.

ÌyáÌbejì
Ta ló ní kí ẹ gbé e ka gáàsì? Ẹ lọ wá igi. Àmù lèmi ń wá. Fíríìjì wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Omi àmù ń tutù láìsí iná, torí omi ń là á jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Àdùkẹ́, ṣé ìyá ṣì ń mọ ọ́n?

Àdùkẹ́ Ìyàrá
Wọ́n ń mọ ọ́n. Ẹ mú owó wá lọ́wọ́ o, ìyá ò mọ tíransífà.

YàgbàGidi
Ẹ bá mi mú méjì. Kí ẹ ṣáà fi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ tó sanwó.