Àyà mi máa ń dì ní aago márùn-ún ìdájí, ta ló ti ṣe rí?

Ọmọ Òkèlele

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka tàwọn ẹlòmíì níbí, èmi ò kọ nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n ẹnì kan bèèrè lánàá pé ṣé òótọ́ ni ìbànújẹ́ lè di àìsàn síni lára, mo wá ní kí n sọ tèmi kí n tó gbàgbé bó ṣe tò tẹ̀léra.

Ọdún kejì rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Ó sùn ni, kò jí. Kò ṣàìsàn, alẹ́ ọjọ́ yẹn ó jẹ àmàlà, ó tún ní kí n bu ọbẹ̀ kún un. Kí oòrùn tó kan àtàrí a ti sin ín. Mi ò sunkún. Kì í ṣe pé ẹkún ò gbọ̀n mí o, àwọn ìyá ilé ni wọ́n yí mi ká tí wọ́n ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé tí mo bá ń sunkún mò ń ni òkú lára, èmi náà gbé e mì. Mo ṣe opó mi pé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo èèyàn ń yìn mí pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà, kí n má parọ́.

Ìgbà tí mo jáde opó ló bẹ̀rẹ̀. Mà á kàn ta jí lóru, àyà mi á ti dì bíi kí wọ́n fi ọ̀já so ó, èémí á kúrú, ọwọ́ á tutù, inú á máa kùn, mà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa wo ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èjìká mi ọ̀tún náà wá le, mi ò lè gbé ọwọ́ dé orí kí n fi wé gèlè. Ìkòkò ni mò ń mọ, iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá ìyá mi ni. Amọ̀kòkò tí èjìká ẹ̀ bá le, ẹ mọ̀ pé ebi ló kàn.

Mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kẹ́mísì ní ọ́lísà ni, mo gbé oògùn ọ́lísà mì. Ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, dókítà tó ń wò mí ò gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀ tó fi sọ pé "Màmá, kò sí nǹkan tó ń ṣe yín, ẹ lọ sinmi." 28,000 náírà ni mo san kí wọ́n tó sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. BP nìkan ni wọ́n ní ó ga, 150/95, wọ́n fún mi lóògùn ẹ̀, mo ṣì ń lò ó títí dòní. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ayé ni. A lọ bá àlfáà, mo mu hàǹtú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, mo fi wẹ̀. Mi ò ní bú àlfáà o, tí wọ́n bá ń ka Yáásínì lé mi lórí ara mi máa ń balẹ̀, mo máa ń sùn lọ níbẹ̀ gan-an, ìdájí ọjọ́ kejì ló tún máa ń padà wá.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ra ìkòkò àgbo lọ́wọ́ mi, òun ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ó ní "Ìyá, aago mélòó ló máa ń ṣe yín?" Mo ní lóru. Ó ní lóru kì í ṣe aago. Ó ní kí n wá ìwé fóótì lífù kan, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, aago tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mò ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíkọ mi ò dáa, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ láràárọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló wo ìwé yẹn tó ní, "Màámi, 5:00, 5:02, 5:01, 5:00. Ṣé ẹ máa ń wo aago kó tó ṣe yín ni?" Mo ní inú òkùnkùn ni mo máa ń wà, aago wo ni mo fẹ́ wò. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Màámi, fóònù Bàbá."

Fóònù tọ́ọ̀ṣì bàbá wọn, ọmọ mi ọkùnrin ló ń tọ́jú ẹ̀ ní yàrá kejì, torí àwọn tó jẹ bàbá wọn lówó ṣì máa ń pè (àwọn kan san, Ọlọ́run á san án fún wọn, àwọn kan kàn ń pè kí wọ́n mọ̀ bóyá a mọ̀ nípa ẹ̀ ni). Áláàmù asùbáà tí bàbá wọn ṣe sí i, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ọmọ yẹn kì í gbọ́ ọ, tó bá sùn, ẹ lè gbé ilé kúrò lórí ẹ̀. Á máa dún gba inú ògiri. Èmi náà ò mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ. Kó tó jí mi lójú oorun, ara mi ti gbọ́.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí rèé. Ìdájí ọjọ́ tí bàbá wọn kú, áláàmù yẹn dún, kò pa á. Ó tún dún, kò pa á. Mo fi ẹsẹ̀ tì í lẹ́sẹ̀, mo ní "Bàbá wọn, ẹ pa fóònù yín." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ìdí ìwé fóótì lífù yẹn ni mo ti sun ẹkún ọdún kan àtààbọ̀. Àwọn ará ilé sáré wọlé, wọ́n rò pé òkú tuntun la tún ní.

Kí ẹ má rò pé idán ni o, èjìká ò tú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fi agídí mú mi padà sídìí amọ̀. Ó ní kí n má mọ nǹkan kan, kí n kàn máa tẹ amọ̀ fún òun. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ ká tó fọwọ́ pò ó, òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ la ó ṣà kúrò, afẹ́fẹ́ ò sì gbọdọ̀ kù nínú ẹ̀, tó bá kù, ìkòkò lè là nínú iná. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ bàbá wọn, ìyá yẹn ò dá mi lóhùn, ó kàn ń sọ pé "Tẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀." Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè wé gèlè fúnra mi.

Ta ló ti ṣe rí nínú yín? Ẹ sọ tiyín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke

Ẹ kú ìrọ́jú ma, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ìdí áláàmù yẹn ni mo dákẹ́ sí fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tèmi kéré. 300 level ni mo wà nígbà yẹn, tí mo bá ti ṣí ìwé báyìí orí mi á gbóná bíi kí wọ́n dáná sí i, mà á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kò ní wọlé, á dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ irun mi. Mò ń jẹ obì, mò ń mu kọfí, mò ń ṣe TDB, ìyẹn kíka ìwé mọ́jú, ó ń burú sí i. Màmá mi ní wọ́n ń ta ọfà sí ọmọ òun láti ilé. Ìgbà tí mo wá sọ ọ́ fún ọ̀gá kan ló rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é ni, pé dókítà ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Arò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1960, ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ló ti rí i, orí gbígbóná, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ìwé tí ò wọlé, ó ní brain fag ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ ná, 1960! Bàbá mi àgbà á ti ṣe é.

Ohun tó wà nídìí tèmi ni pé mo ní carry-over méjì, kọ́ọ̀sì tí mo fèèlì tí mo ní láti tún ṣe, tí ará ilé ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo sọ fún bàbá mi ni mo sun oorun wákàtí mẹ́jọ, orí mi ò gbóná mọ́. Orí bàbá mi ló wá ń gbóná.

Oníwàrà Gánmọ

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀, torí "ìrònú ni" yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mò ń rù, mò ń jẹun bí ẹṣin. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé tí mo bá fẹ́ yọ wàrà sínú ọ̀rá fún oníbàárà, á fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àyà ń lù kìkìkì, òógùn ń bò mí nínú ọyẹ́. Gbogbo ayé ní torí pé ọkọ mi fẹ́ ìyàwó tuntun ni, pé owú ló ń jẹ mí, kí n gba kádàrá. Èmi fúnra mi gbà bẹ́ẹ̀, ó kúkú ń dùn mí lóòótọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gba kádàrá! Àbúrò mi ló ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún thyroid, ìyẹn nǹkan tó wà lọ́fun níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Ibẹ̀ ló wà. Ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lo oògùn, ọwọ́ dúró.

Owú ṣì wà níbẹ̀ o, oògùn ò ṣe nǹkan kan fún ìyẹn.

Ọmọ Òkèlele

Oníwàrà, òótọ́ lẹ sọ. Èmi náà, ká ní wọn ò kọ́kọ́ yẹ ọkàn mi wò ni, mi ò ní gba ọ̀rọ̀ fóònù gbọ́. Ìjókòó dókítà yẹn ló dùn mí, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀ffà Garage

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi Ìlọrin sí Òmù-Àrán ni mò ń ná, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn búréèkì mi ò mú lẹ́yìn Ajàṣẹ́-Ìpo, a wọ igbó, ẹnikẹ́ni ò kú Alihamdulilahi, obìnrin kan ló kán lápá, mo rí i pé gbogbo wọn dé ọsibítù, mo padà sílé, mo jẹun, mo sùn, mo ní mo ti bọ́. Láti ọjọ́ yẹn tí mo bá ti dé kọ́nà yẹn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí búréèkì, ẹ̀yìn mi á le bíi pákó, kódà nínú gáráàjì tí òórùn búréèkì tó jó bá kàn fẹ́ lu imú mi báyìí òógùn á bò mí. Ìyàwó mi fi òrí wọ́ ẹ̀yìn mi títí ọmọ fi ní ilé wa ń rùn.

Ìdí tíì Àbókí ni mo ti sọ ọ́ jáde, mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ni bàbá kan tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi bá ní ọwọ́ òun náà gbọ̀n fún ọdún kan nígbà kan. Ó ní kí n wá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun ni yóò wà á, tá a bá dé kọ́nà yẹn kí n kàn máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é. Àkọ́kọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Ẹ̀ẹ̀kẹfà mò ń jẹ ẹ̀pà. Ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà, olè ni bàbá yẹn.

Ìyá Òkèlele, ṣé ẹ ti wá yọ áláàmù yẹn ni?

Nọ́ọ̀sì Gáà Akánbí

Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe èmi ni mo ń ra ìkòkò àgbo o.

Tí ẹ̀rù bá ba ara, kò mọ̀ pé áláàmù lásán ni, ó rò pé ìjà dé. Nǹkan kékeré kan jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó máa ń da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, èémí á kúrú, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ lọ bá apá àtẹsẹ̀, ìdí tí inú fi ń kùn nìyẹn, èjìká náà á le torí ó ti múra ẹ̀ṣẹ́. Ìjà ò wá dé, ẹ̀ṣẹ́ yẹn á wà lára níbẹ̀. Iṣan kan sì wà tó ti inú orí sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn dé ọkàn àti ìfun, vagus lorúkọ ẹ̀, òun ló ń fa ìjánu ọkàn. Tí ẹ bá ń mí síta kó pẹ́ ju bí ẹ ṣe mí sínú, ẹ ka mẹ́rin wọlé, ẹ ka mẹ́fà jáde, fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ ó rí i tí àyà á máa rọlẹ̀. Mo fura pé ohun tí Yáásínì náà ń bá yín ṣe wà níbẹ̀, bí àlfáà bá ń fa ohùn gùn, èémí ẹni tó ń gbọ́ náà á máa gùn tẹ̀lé e.

Nítorí pé amọ̀kòkò ni yín: ní 1990 àwọn dókítà ní Japan ṣàlàyé àìsàn ọkàn kan tó máa ń mú èèyàn lẹ́yìn ọ̀fọ̀ tàbí ìpayà ńlá, ó pọ̀ jù lára obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Ìdí ọkàn á wú, ọrùn ẹ̀ á há, ó wá jọ ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú octopus, wọ́n bá sọ ọ́ ní takotsubo, orúkọ ìkòkò yẹn gan-an. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń mú èèyàn lọ́wọ́, kò yàtọ̀ sí hátì àtáàkì, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà tí àyà bá ń dunni tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, pẹ̀lú òógùn tútù, ẹ má ka èémí kankan o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹni tí tiẹ̀ bá le, ẹ̀ka Behavioural Sciences tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin l'Ókè-Ọ̀ṣẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó ń tọ́mọ ń lọ síbẹ̀ dáadáa. Ìwé aago yẹn, ẹ mú un dání lọ.

Ọmọ Òkèlele

Ẹ ṣé o, nọ́ọ̀sì. Èmi tí mò ń mọ ìkòkò látọmọdé, mi ò mọ̀ pé ọkàn náà lè dà bí ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà, mi ò yọ ọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà báyìí, tó bá dún èmi fúnra mi ni mò ń pa á, mà á dìde ṣe àlùwàlá. Àyà ṣì máa ń fẹ́ dì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ìdájí Jímọ̀, kì í pẹ́ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá bátìrì kú lóru, kò dún rárá. Mo sùn kọjá asùbáà. Ọmọ mi obìnrin ló wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ díẹ̀, ó wá fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí, pé ilẹ̀ ti mọ́.