Ilé ìwòsàn fẹ́ kúrò lórí káàdì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ń wọ́ nílẹ̀: ibo ni ká ti mú un?

Alábòójútó_Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ẹ̀ka méjì, ọ̀kan ní Yábàá, ọ̀kan ní Ọbaléndé. Òṣìṣẹ́ 140. Aláìsàn bí 90 lójúmọ́ ní Yábàá, bí 50 ní Ọbaléndé. Káàdì àti fáìlì la ṣì ń lò, fáìlì tó wà nílẹ̀ sì ń lọ sí 40,000. Àwọn tó ni ilé ti ra ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ka méjèèjì lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì. Gbogbo èèyàn jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ráìsì, kò sí ẹni tó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́rìnlá tó wà níbi káàdì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé a fẹ́ lé àwọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ méjì la fẹ́ kó lé àwọn lórí. Àwọn dókítà àgbà tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní àwọn kì í ṣe akọ̀wé. Àwọn akápò ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ta ni kí n kọ́kọ́ mú? Ṣé ká máa lo káàdì àti kọ̀ǹpútà pọ̀ fúngbà díẹ̀?

Tẹ̀lé_Káàdì

Ẹ kú wàhálà, ọ̀gá mi. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fẹ́ kọ̀ǹpútà, wọn ò ní sọ òótọ́ fún yín. Olúkúlùkù ti dá jókòó, ó ti ṣírò ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹni ibi káàdì mọ̀ pé òun nìkan ló mọ ibi tí fáìlì wà. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá mọ̀ ọ́n, ògo ọ̀hún ti lọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá falẹ̀, òun ló máa pẹ́ délé. Akápò, ẹ jẹ́ ká fi tiẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ kọ ìṣirò yẹn sílẹ̀ fún ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pe ìpàdé mìíràn.

Bí ẹ ṣe máa rí i rèé. Ẹ mú káàdì kan láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ máa tẹ̀ lé e kiri. Ẹ̀ka iṣẹ́ kọ́ ni kí ẹ kà o, ọwọ́ tí káàdì ń bọ́ sí ni. Ibi káàdì, nọ́ọ̀sì tó ń wo ìfúnpá, dókítà, akápò, láàbù, dókítà lẹ́ẹ̀kejì, akápò lẹ́ẹ̀kejì, ibi òògùn, ibi káàdì padà. Ọwọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn lórí ẹni tí ibà lásán ń ṣe. Àárín ọwọ́ méjì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́: dókítà kọ orúkọ òògùn láìkọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹni ibi òògùn á rìn padà lọ bi í, èsì láàbù dé, wọ́n há a mọ́ fáìlì ẹlòmíràn. Ẹ wá èyí tó ń dá wọn lágara jù nínú gbogbo ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Ẹ ṣe é fún aláìsàn 30, ọjọ́ mẹ́ta, kí Mọ́ńdè wà nínú ẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ ni ìṣẹ́jú tó ń gbà kí aláìsàn tó rí dókítà, iye fáìlì tí wọ́n wá tì, iye ìwé òògùn tó padà láti ibi òògùn, iye ìwé owó tí HMO (ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera) dá padà lóṣù tó kọjá, àti iye tí owó fi ń yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá pa síífìtì. Bí ẹ ò bá ní nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹni tí ohùn ẹ̀ bá ròkè jù ló máa sọ fún àwọn tó ni ilé bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ka méjì lọ́jọ́ kan náà kẹ̀? Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ máa kọṣẹ́ ní Ọbaléndé láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe á wà ní Yábàá, gósíló á sì ti dì pa lórí afárá Third Mainland. Ọbaléndé tó kéré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí Yábàá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹni tó máa bá yín tì í lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ má sáré mú ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ pín bébà kékeré fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí iṣẹ́ bá rú ọ lójú, ta lo máa ń bi?" Orúkọ bíi mélòó kan á máa jáde léraléra, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò ní ipò kankan. Àwọn yẹn ni kí ẹ fi ẹ̀rọ hàn lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bú u dáadáa lójú yín.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù

Tẹ̀lé_Káàdì ti sọ̀rọ̀, àmọ́ kò dáhùn ti lílo méjèèjì pọ̀. Níbi ìforúkọsílẹ̀, ibi ìsanwó àti ibi òògùn: rárá o. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi méjì, orí káàdì ni wọ́n máa kọ ọ́ sí lọ́sàn-án, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ pẹ̀lú ojú oorun. Ibẹ̀ ni 5 ti ń di 50. Ẹ dá ọjọ́ kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dọjọ́ náà, ẹ kó àwọn káàdì òfìfo kúrò lórí tábìlì.

Ìwé òògùn àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni kó wà lórí bébà títí ìyókù á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kó tò ni: ìforúkọsílẹ̀ àti owó, lẹ́yìn náà ibi òògùn, láàbù, àkọsílẹ̀ dókítà, wọ́ọ̀dù kẹ́yìn pátápátá. Ẹ má kọjá sí èyí tó kàn àfi tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti lọ geere fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ìforúkọsílẹ̀ yẹn lẹ máa fojú kéré, ibẹ̀ ló sì ti máa ń wọ́. Aláìsàn kan náà lè jẹ́ Fọláṣadé lónìí, Ṣadé lọ́la, Shade lórí káàdì HMO, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí Ìyá Kẹ́hìndé ní ibi káàdì. Nọ́ńbà fóònù ọkọ ẹ̀ lòun àti ọmọ mẹ́rin jọ ń lò. Bí akọ̀wé bá tẹ "Shade" tí kò rí i, tó ṣí ìwé tuntun, ìwé méjì ti wà fún ẹnì kan, àkọsílẹ̀ pé òògùn Septrin máa ń bá a jà sì wà nínú èyí tí dókítà ò ní ṣí. Òfin ibẹ̀ ni kí wọ́n wá a lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí tuntun: orúkọ bàbá pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà káàdì àtijọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹnì kan tẹ àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn bá dọ́gba jáde, kó yẹ̀ wọ́n wò.

Pásíwọọ̀dù: gbogbo síífìtì alẹ́ á máa lo ti ẹnì kan. Kì í ṣe oríkunkun. Bí wíwọlé bá ń gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá, tí èèyàn sì ní láti wọlé ní ìgbà 60 lóru, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. Ẹ bẹ oníkọ̀ǹpútà kó fún wọn ní PIN kúkúrú tàbí káàdì tí wọ́n á kàn fi kan ẹ̀rọ. Ìbáwí nìkan ò lè tún un ṣe.

Amòfin_Èkó

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn mẹ́rìnlá yẹn. Ẹ má lọ dúró níwájú wọn kẹ́ ẹ sọ pé "kò sẹ́ni tí a máa lé" bí àwọn tó ni ilé ò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ti pinnu, ohun tí wọn ò tíì pinnu, àti ọjọ́ tí wọ́n máa pinnu ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa pa àhesọ.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ dín wọn kù, abala 20 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ti la ọ̀nà ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbára lé. Ẹ sì gbọ́dọ̀ sapá láti bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó tí ẹ máa san fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí ẹ lé ìyá tó ti lo ọdún 15 torí pé ọwọ́ ẹ̀ ò yá lórí kíbọ́ọ̀dù, láìkọ́ ọ, láìkọ bó ṣe ṣe sí sílẹ̀, ẹjọ́ lẹ ń wá yẹn. Abala 11 sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan títí kó tó pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì títí kó tó pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni Act yìí ń dáàbò bò; dókítà, nọ́ọ̀sì àti máńijà, inú ìwé àdéhùn wọn ni kí ẹ lọ wò.

Pásíwọọ̀dù tí Ìyá_Wọ́ọ̀dù mẹ́nu bà náà kan òfin. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn wà lára dátà tó gba ìṣọ́ra jù. Bí ó bá jò síta lọ́nà tó lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Tí èèyàn 12 bá ń lo pásíwọọ̀dù kan, ta lẹ máa sọ pé ó ṣí ìwé náà?

Waya_àti_Iná

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ lè gbé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ) ti kú, router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì náà ti kú, kí wọ́n tó jí padà èèyàn ti tò dé géètì. Ẹ fi router, switch tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ àti sáfà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí ínfátà tiwọn lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ki ṣaja fóònù tàbí kẹ́tùlù bọ ibẹ̀. Ẹ ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀.

Fáìlì pupa kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: fọ́ọ̀mù 50 tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí lára. Bí ẹ̀rọ bá kú ju ìṣẹ́jú 10 lọ, alábòójútó síífìtì nìkan ló láṣẹ láti ní kí wọ́n ṣí i. Kí ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ti wọ inú kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí 24, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fọwọ́ sí i. Bí 16 àti 18 bá wà tí 17 ò sí, ẹ wá 17 kí síífìtì yẹn tó lọlé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì láago 11 àárọ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Alábòójútó_Yábàá

Ẹ ṣeun gan-an ni. Wọ́n ti gbà pé Ọbaléndé ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ó ku akápò, ó ku àwọn dókítà àgbà. Fáìlì 40,000 yẹn náà ńkọ́?

Tẹ̀lé_Káàdì

Fáìlì ló rọrùn jù. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́fà láti yà á sínú ẹ̀rọ, wákàtí 4,000 ni gbogbo ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta, wákàtí méje lóòjọ́, ó lé ní ọjọ́ iṣẹ́ 190. Ẹ má dán an wò. Ti ẹni tó bá wá nìkan ni kí ẹ yà: ojú ìwé àkọ́kọ́, òògùn tó ń bá a jà, àìsàn tó ti pẹ́ lára ẹ̀, òògùn tó ń lò lọ́wọ́, iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe. Akọ̀wé ló ń ya fọ́tò ẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń tẹ orúkọ òògùn. Ìyẹn náà ló fún àwọn mẹ́rìnlá níṣẹ́: márùn-ún níbi ìforúkọsílẹ̀, mẹ́ta níbi yíya fáìlì, mẹ́ta lórí ìwé owó HMO, mẹ́ta á jókòó ti àwọn dókítà àgbà láti máa bá wọn tẹ̀ ẹ́. Dókítà á kà á, á fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀ kí aláìsàn tó dìde. Àṣẹ kan ló wà níbẹ̀: láti ọjọ́ tí ẹ bá dá, ibi òògùn ò ní gba bébà mọ́, ti dókítà èyíkéyìí, àfi ti àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti fọ́ọ̀mù inú fáìlì pupa. Kí dókítà tó ni ilé fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síta pé tòun náà, kí wọ́n dá a padà. Bí wọ́n bá gba tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ju wákàtí kan lọ tí gbogbo ilé á fi gbọ́.

Akápò wá ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kọ̀ǹpútà wá mú olè. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, ẹ ti bú u. Bó bá jẹ́ olè, ẹ ti kì í nílọ̀. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ Friday kan, kí ẹ ka owó, POS àti tíránsífà pa pọ̀ níwájú wọn, kí ẹ kọ ohun tó bá kù díẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Àwọn tó ni ilé ló máa kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ èyí tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ti parí. Láti Mọ́ńdè, akápò kan, dúrọ́ọ̀ kan, orúkọ kan lórí ẹ̀rọ. Ẹ fún dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ṣéńjì ₦20,000 ní owó kéékèèké láàárọ̀, torí "kò sí ṣéńjì" ni ilẹ̀kùn tí owó máa ń gbà jáde jù. Ní ti tíránsífà, kí owó hàn nínú àkáǹtì ilé ìwòsàn kí wọ́n tó tẹ rìsíìtì. Fọ́tò tí aláìsàn fi hàn lórí fóònù ẹ̀ kì í ṣe owó.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù

Kí n fi kún un: ẹ má fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Ìkòròdú ò ní gbọ́ nǹkan kan tí ẹ bá sọ. Ìgbà tí síífìtì àárọ̀ àti ọ̀sán bá pàdé, láago méjì, ìṣẹ́jú 45, èèyàn mẹ́fà, kí ẹ̀rọ wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ aláìsàn tí kò sí láyé ni kí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má ṣe ráìsì.

Kí ẹ sì pe ọlọ́dẹ géètì sí i. Òun ni aláìsàn máa kọ́kọ́ bi pé "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni káàdì wà?" Ẹ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, ní Yorùbá àti ní pidgin.