Dókítà ní kí n máa rìn, ta ni n ó máa bá rìn ní Àbújá?

Màmá Òṣogbo

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tọmọtọmọ. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Ọmọ ọdún 61 ni mí, tíṣà ni mí ní Òṣogbo kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó ọmọ mi ló bímọ tí wọ́n fi ní kí n máa bọ̀ ní Àbújá. Gwarinpa ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọ̀hún ti ń lọ sí jẹ́léósinmi báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n padà sílé, torí bàbá wọn ti kú, wọn ò fẹ́ kí n máa dá gbé. Èmi náà ò fẹ́ dá gbé. Àmọ́ dídá gbé náà ni mò ń ṣe níbí. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, gbogbo wọn ti jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Láti àárọ̀ dalẹ́, ohùn tẹlifíṣàn nìkan ni mò ń gbọ́. Ní Òṣogbo, kí n tó ti ilé dé Ọjà Ọba, àìmọye èèyàn ni n ó ti kí, tí wọ́n á béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi. Níbí, géètì kálukú wà ní títì.

Láìpẹ́ yìí ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, tí oorun ò sì wá mọ́. A lọ sílé ìwòsàn, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga, 152 lórí 94. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n má jẹ iyọ̀ púpọ̀, ó wá ní kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀.

Orúnkún mi ọ̀tún máa ń dùn mí, ẹ̀rù ń bà mí kí ìrìn má lọ bà á jẹ́ pátápátá. Ọmọ mi náà ò fẹ́ kí n dá jáde, ó ní àwọn one chance pọ̀, àwọn ajínigbé pọ̀, pé òun á ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ sínú pálọ̀. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ. Èèyàn ni mo fẹ́ máa rí. Mi ò sì gbọ́ Haúsá, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ sì kú ara fẹ́ra kù bàbá. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ìyá dúró sílé.

Oríkèé tó ń dun àgbà, ìrìn jẹ́jẹ́ kì í bà á jẹ́. Ìjókòó ló ń bà á jẹ́, torí iṣan itan ló ń gbé orúnkún dúró, iṣan ọ̀hún sì máa ń rọ téèyàn ò bá lò ó. Tó bá dùn yín díẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Tó bá wú, tó gbóná, tàbí tó ń yẹ̀ mọ́ yín nídìí lójijì, ẹ dúró, kí ẹ lọ fi han dókítà. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì gun òkè.

Iye tí dókítà yín sọ, tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀, 150 ìṣẹ́jú ni lọ́sẹ̀. Òun náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré jù fún àgbà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 kó tó jẹ́ ìrìn. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà kọ lọ́dún 2020, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé. Èyí tẹ́ ẹ bá rìn lẹ́yìn oúnjẹ máa ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù pẹ̀lú. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀ ń yára tó ni pé ẹ máa lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kọrin, èémí ò ní tó.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tìtorí pé ẹ̀ ń rìn kẹ́ ẹ fi oògùn sílẹ̀. Mo ti rí èyí púpọ̀: ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, wọ́n á ní ara àwọn ti yá, wọ́n á jáwọ́, lẹ́yìn náà la ó wá máa gbé wọn wá. Tó bá jẹ́ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ni wọ́n fún yín, ọrùn ẹsẹ̀ lè wú. Dókítà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Tí àyà bá sì ń fún yín lójú ọ̀nà, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ bá dé, kẹ́ ẹ pe èèyàn.

Ohun kan tó kù ni àìsùn yẹn. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè jẹ́ ìbànújẹ́ bàbá ni kò tíì tán lára yín. Ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Bàbá Zone 3

Ìyá wa, ẹ kú àtìlẹ́yìn àwọn ọmọ. Mo ti wà ní Àbújá kí ìjọba tó kó dé láti Èkó ní December 1991, nígbà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn jìnnà ní Wuse láìgbọ́ ìró mọ́tò. Ìlú tí wọ́n là fún ọkọ̀ nìlú yìí. Àwọn títì rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ àgbà lè fi ìrọ̀rùn kọjá, torí náà ibi tẹ́ ẹ ti máa rìn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa rìn lọ.

Ní Gwarinpa, ẹ má rìn létí àwọn áfẹ́nù ńlá. Inú ni kẹ́ ẹ máa rìn, ní àwọn òpópónà tí wọ́n fi nọ́ńbà pè àti àwọn close, ìyẹn òpópónà kékeré tí kò já síbì kankan. Ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, àwọn mègáàdì sì wà lẹ́nu géètì tí wọ́n á dá yín mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ máa rìn sí, kẹ́ ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú. Ẹ má sá ré Kubwa Expressway kọjá láé, kódà kẹ́ ẹ rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà.

Lópin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ yín gbé yín lọ sí Jabi Lake. Kò jìnnà sí yín. Etí omi ni wọ́n ń rìn sí, láàárọ̀ Sátidé ẹ óò rí tọkọtaya, ìyá àti ọmọ, àwọn arúgbó bíi tiwa. Millennium Park ní Maitama náà dára, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí ní December 2003. Ibòji igi pọ̀ níbẹ̀, ìjókòó sì wà fún ẹni tó bá rẹ̀.

Ẹ má ka ìṣísẹ̀. Àwọn ọmọ á ní kẹ́ ẹ rin 10,000. Nọ́ńbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ ìka-ìṣísẹ̀ ní Japan ló gbé e jáde lọ́dún 1965, kì í ṣe dókítà. Ẹ rìn dé òpin òpópónà yín lónìí kẹ́ ẹ padà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọmọ Lugbe

Ẹ kú àárọ̀ mà. Aago márùn-ún ìdájí ni kẹ́ ẹ máa jáde. Atẹ́gùn tútù, kò sí eruku, kò sí ọkọ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Zone 3

Ọmọ mi, ọmọkùnrin tára rẹ̀ le ni ọ́. Ní January, oòrùn kì í yọ ní Àbújá kó tó di nǹkan bí aago 6:50. Ìyá ẹni ọdún 61, tí kò mọ àdúgbò, nínú òkùnkùn? Ajá tí kò lólówó wà níta, kòtò tí kò lómọrí náà wà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìyá Kubwa

Bàbá sòótọ́. Kí ojú ọjọ́ là kẹ́ ẹ tó jáde, mà. Aago méje àárọ̀ dára, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ náà dára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó pọ̀ ní àsàlátù. Ọ̀kan nínú wa ní àtọ̀gbẹ, dókítà ní kó máa rìn, kò rìn. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, ojú ló ń tì í kó máa dá rìn kiri láìnílé tó ń lọ. A wá pinnu pé a ó máa lọ dúró lẹ́nu géètì rẹ̀. Tó bá rí wa níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde. Òun ló wá ń pè wá báyìí tí a bá pẹ́. A ti pọ̀ sí i, ìyá Ibo kan wà nínú wa, ìyá Tiv kan wà pẹ̀lú, a fi pidgin ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójú ọ̀nà, kò sóhun tí kì í kàn: ọmọ tó ń wáṣẹ́, owó gáàsì, ẹni tọ́kọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Tí mo bá délé, ohun tó wúwo lọ́kàn mi á ti fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún yín pé ẹ má wá ibi ìrìn kiri, ẹ wá ẹnì kan. Ẹnì kan ṣoṣo tó.

Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dìde lẹ́yìn ìsìn, kẹ́ ẹ sọ pé dókítà ní kẹ́ ẹ máa rìn. Ẹ ó rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Alhaja Kaduna

Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ọjọ́ òkè ọya ò jọ ti Òṣogbo, ìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní March àti April, oòrùn yìí kì í ṣeré. Kano tilẹ̀ lè kọjá 40. Ẹ má rìn láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́rin nígbà yẹn, kẹ́ ẹ sì mú omi dání. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku Sàhárà ló ń bọ̀: ẹ fi ìbòmú bo imú, kẹ́ ẹ fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá rí ilé òdìkejì títì, inú ilé ni kẹ́ ẹ wà. Ní oṣù ààwẹ̀, àwa máa ń sún ìrìn sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Haúsá ò le. «Ina kwana» láàárọ̀, «sannu» nígbàkigbà. Ẹ sọ ọ́ fún mègáàdì àti ìyá tó ń ta kósáì, ìyẹn àkàrà, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n fẹ́ràn kí àgbà kí wọn. Láìpẹ́, wọ́n á máa béèrè yín tí wọn ò bá rí yín, ààbò tó dáa sì nìyẹn.

Àbúrò Nyanya

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Ìfẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni one chance gbé, owó àti fóònù ni wọ́n gbà, àmọ́ inú táksí ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń rìn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, kódà tí wọ́n bá ní àwọn mọ̀ yín. Ẹ má kó owó púpọ̀ jáde, ẹ má wọ góòlù. Ẹ jẹ́ kó mọ òpópónà tẹ́ ẹ máa ń gbà àti àkókò tẹ́ ẹ máa ń padà. Tó bá ṣì fẹ́ ra ẹ̀rọ, kó rà á. Yóò wúlò lọ́jọ́ òjò.

Màmá Òṣogbo

Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí etí ọmọ mi lánàá, ó dákẹ́, ó wá ní kí Nọ́ọ̀sì ṣeun. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kubwa ló wọ̀ mí lára jù. Ìyá kan wà nílé kejì sí wa, mo máa ń rí i tó ń fọ báńkóònì. Mi ò mọ ẹ̀yà rẹ̀. Ṣé kí n kàn lọ kan géètì wọn ni? Bàtà wo ni kí n wọ̀? Sálúbàtà nìkan ni mo kó wá.

Ìyá Kubwa

Ẹ lọ kàn án, mà. Ẹ mú ọmọ kékeré yẹn dání lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ máa ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ ìrìn, ẹ kàn kí i pé àdúgbò kan náà lẹ jọ ń gbé. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó máa bá yín dé òpin òpópónà.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Sálúbàtà ò dára fún orúnkún yín mà. Ẹ ra kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí kì í yọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, torí ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí àyè wà níwájú ọmọ-ìka. Ọ̀kírìkà tó dáa wà ní ọjà Wuse, kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i.

Ìyá Gwarinpa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Third Avenue ni mo wà, èmi àti màmá ọkọ mi. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọmọ ọdún 66, àwọn náà ń dá jókòó sílé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn, wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń jẹ ìkókoré. Tí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́kọ́ wá mọ ilé wa, kó wá. A wà nílé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá Òṣogbo

Ẹ bá mi kí wọn o! Mo ń jẹ ẹ́ dáadáa, ilé Ìjẹ̀bú ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọmọ mi ní aago mẹ́ta ọjọ́ Àìkú yìí dára, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé mi wá. A ti lọ ra kánfáàsì.