Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá kọ́ kéèkì nílé: kíláàsì ọ̀ṣọ́ wo lẹ lọ, kí lẹ bá níbẹ̀?

Àṣàkẹ́ Akóbọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí YouTube ni mo ti kọ́ kéèkì, kò sí ọ̀gá kankan tó kọ́ mi. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ máa ń padà wá, n ò níṣòro ní ti adùn. Ọ̀ṣọ́ ni ìṣòro mi. Etí kéèkì mi kì í mú bí mo ṣe fẹ́, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó sì ti ń béèrè alájà mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Kíláàsì méjì ni mo ń wò báyìí. Ọ̀kan wà l'Ékòó, ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní àwọn máa kọ́ wa ní buttercream (bọ́tà tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà), fondant (ṣúgà pípò tí wọ́n ń tẹ́ bí aṣọ bo kéèkì), òdòdó ṣúgà, wafer paper (bébà tó ṣeé jẹ), gbogbo ẹ̀ pátá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Èkejì wà ní Bódìjà níbí, ọjọ́ méjì, buttercream nìkan. Owó ti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Bódìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi kí n tó sanwó.

Màmá Tólú
Bódìjà. Kí lo fẹ́ fi wafer paper ṣe nígbà tí etí kò tíì mú?

Bísí Lántòrò
Àṣàkẹ́, jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo lọ sí ọ̀kan tó jọ ti Èkó yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n kó wa sí, àga tò lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá dúró níwájú, kéèkì kan ṣoṣo wà lórí tábìlì, gbogbo wa ń na ọrùn. Nígbà tó kan kó fi fondant bo kéèkì, ohun tí mo torí ẹ̀ wá gan-an, àwọn tó wà níwájú dìde, wọ́n gbé fóònù sókè kí wọ́n lè ká fídíò. Ìpàkọ́ èèyàn ni mo ń wò. Nígbà tó yá, wọ́n pín ọ̀rá àti nozzle (ẹnu irin tí òdòdó ń gbà jáde) kọ̀ọ̀kan fún wa, wọ́n ní kí oníkálukú tẹ òdòdó kan sórí páálí. Òdòdó kan! Ohun tí mo ti ń tẹ̀ nílé tipẹ́tipẹ́. Ó ku díẹ̀ ká túká ni wọ́n bá ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká dúró ti kéèkì tí a ò fọwọ́ kàn rárá, wọ́n ya fọ́tò wa. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rí fọ́tò yẹn.

Ẹniọlá
Fọ́tò yẹn! Gbogbo wa la ní in nílé.

Ìyá Sùlíyà
Tèmi wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ò mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kan kéèkì ọ̀hún.

Délé Oníkéèkì
Ẹ má bínú o, àǹtí Bísí. Ṣé ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó pé èèyàn mélòó ló máa wà níbẹ̀?

Bísí Lántòrò
Mo bi wọ́n, Délé. Wọ́n ní "hands-on ni, mà, ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ fọkàn balẹ̀." Òdòdó orí páálí yẹn náà ni hands-on tí wọ́n ń wí.

Ìyá Ìbejì Agége
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kí wọ́n ní hands-on ò tíì tó. Kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín? Kéèkì gidi ni, àbí fóòmù? Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, dummy, fóòmù tí wọ́n gé bíi kéèkì, ni wọ́n gbé fún oníkálukú. A bò ó, ó dán, a pàtẹ́wọ́. Mo délé, mo bo kéèkì gidi fún òde kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó dán lálẹ́. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ ikùn yíká. Fóòmù kì í yọ ikùn! Kéèkì gidi máa ń rẹlẹ̀ tí fondant bá ti wúwo lé e, buttercream tó wà láàárín á fún síta, afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún wa.

Ìyá àgbà kan ní Ìyánà Ìpájà ló là mí lójú. Èèyàn mẹ́ta péré ló ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan, nínú kíṣìnì rẹ̀. Ó ní ká to kéèkì, ká fi buttercream sáàárín, ká fi ọ̀rá wé e, ká wá gbé táìlì kan tó mọ́ tónítóní lé e lórí di ọjọ́ kejì, ká má tíì fọwọ́ kan fondant. Èyí tó bá máa rẹlẹ̀ á ti rẹlẹ̀ kó tó di pé a bò ó. Tí ibì kan bá ṣì wú lẹ́yìn náà, á mú píìnì tẹ́ẹ́rẹ́, á gún un ní ìdagun, kò ní gún un tààrà, á fi ìka tẹ afẹ́fẹ́ náà jáde jẹ́jẹ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ihò náà rẹ́. O ò ní mọ ibi tó gún. Ọ̀rọ̀ táìlì yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Màmá Tólú
Táìlì! Kí ló dé tí wọn kì í sọ eléyìí lórí YouTube?

Ẹniọlá
Wọ́n ń sọ ọ́, mà. Ẹ kì í wo fídíò náà parí ni.

Délé Oníkéèkì
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà fóòmù díẹ̀. Etí tó mú tí àǹtí Àṣàkẹ́ ń béèrè, àsọtúnsọ ò lè kọ́ni, àṣetúnṣe ni. Orí dummy, wà á fi buttercream sí i, wà á mú scraper, pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń há buttercream, dúró ṣánṣán kó fara kan àwo ìyípo nísàlẹ̀, wà á máa yí àwo yẹn láì dúró. Tí kò bá dáa, gbogbo ẹ̀ lo máa há padà sínú abọ́, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Kéèkì gidi ò gba bẹ́ẹ̀, èérún á ti bá buttercream jẹ́. Tó bá wá kan òkè, jẹ́ kí èyí tó yọ sókè létí dúró bẹ́ẹ̀, gbé e sínú firíìjì kó le, lẹ́yìn náà ni wà á fi ọ̀bẹ tó gbóná díẹ̀ tó sì gbẹ gé e láti etí wá sáàárín. Ibẹ̀ ni etí ti ń mú. Ìyá Ìbejì, olùkọ́ yín ló jẹ̀bi o, kì í ṣe fóòmù.

Ìyá Ìbejì Agége
Mo gbọ́, Délé ọmọ mi. Fún etí, mo gbà. Fún fondant, mi ò gbà, mi ò sì ní gbà.

Yétúndé Peckham
London ni mo wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni mo lọ, alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Royal icing ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún wa, ṣúgà àti funfun ẹyin tó máa ń le tó bá gbẹ. A fi marzipan (álímọ́ńdì lílọ̀ àti ṣúgà) bo kéèkì eléso, a wá ń fi royal icing lé e ní ìpele ìpele, èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ká tó fi òmíràn lé e. Ó gba sùúrù, àmọ́ ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa ta kéèkì láti ilé níbí, kánsù ò ní béèrè ìwé ẹ̀rí ọ̀ṣọ́ o. Kó o forúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni, ó kéré tán ọjọ́ 28 kó o tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kíláàsì ìmọ́tótó oúnjẹ ló ràn mí lọ́wọ́ jù nígbà tí wọ́n wá yẹ kíṣìnì mi wò.

Màmá Tólú
Yétúndé, o rán mi létí kéèkì ìgbéyàwó ayé àtijọ́! Funfun báláú, òpó ike láàárín àjà kan sí èkejì, inú ẹ̀ dúdú, èso tó ti rin nínú brandy. Ìyẹn ni kéèkì.

Ẹniọlá
Kéèkì eléso ò dùn. Mo ti sọ ọ́.

Màmá Tólú
Ta ló bí ọmọ yìí?

Bísí Lántòrò
Ẹ má bá Ẹniọlá jà, mà. Red velvet ni àwọn ìyàwó òde òní ń béèrè. Ẹ gbé eléso fún wọn, wọ́n á ní kéèkì ti jóná.

Màmá Tólú
Ẹ gbé red velvet àti buttercream yín lọ sábẹ́ kánópì ní oṣù kẹta, ká wá jọ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Royal icing ò mọ̀ pé oòrùn ń ràn.

Fọlákẹ́ Ìkòròdú
Màmá Tólú ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Kíláàsì tí mo lọ, yàrá tó tutù nini ni. Buttercream Swiss meringue ni wọ́n kọ́ wa: funfun ẹyin àti ṣúgà lórí omi gbígbóná títí á fi dé 71°C, ká pò ó títí á fi wú, ká wá máa ju bọ́tà sí i díẹ̀díẹ̀. Ó dán, ó fúyẹ́, adùn ẹ̀ kì í sú èèyàn. Mo ṣe é fún ọjọ́ ìbí kan nínú ọgbà ní Ìkòròdú, kí wọ́n tó kọrin tán ẹ̀gbẹ́ kan ti ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bọ́tà ni bọ́tà ń jẹ́, tó bá ti ń lọ bíi 32°C ó ti ń yọ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ́ wa mọ̀ pé Nàìjíríà la wà! Ó yẹ kó sọ fún wa. Ní báyìí, mo ń po shortening (òróró ewéko tó dì) mọ́ bọ́tà tó bá jẹ́ òde ìta, torí ó máa ń fara da ooru jù ú lọ, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù á lẹ̀ mọ́ni lókè ẹnu. Àṣàkẹ́, bi wọ́n léèrè: ṣé a máa ṣe é níbi tí kò sí AC?

Ìyá Sùlíyà
Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ohun tá a máa ṣe tí NEPA bá mú iná lọ tí kéèkì wà nínú firíìjì.

Délé Oníkéèkì
Òótọ́ ni o. Fondant tó bá jáde látinú òtútù bọ́ sínú ooru gbọ́dọ̀ làágùn. Ẹ má nù ún, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ tan fáànù sí yàrá, á gbẹ fúnra ẹ̀. Òdòdó ṣúgà náà, ẹ má kọ́ ọ nígbà òjò tẹ́ ò bá ní ibi gbígbẹ tẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí. Ó máa ń fa ọ̀rinrin, á sì rọ.

Rónkẹ́ Oǹdó
Gbogbo yín ń bú ìwé ẹ̀rí, èmi fi tèmi rí iṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì o.

Bísí Lántòrò
Rónkẹ́, ìwé nìkan ni wọ́n wò?

Rónkẹ́ Oǹdó
Rárá, wọ́n ní kí n bo kéèkì kan lójú wọn. Àmọ́ wọn ì bá má pè mí rárá tí mi ò bá ní ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ fún èèyàn, kó gba ìwé. Ẹni tó bá ń tà nílé, mi ò bá a jà.

Fọlákẹ́ Ìkòròdú
Ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

Tọ́pẹ́
Kíláàsì orí WhatsApp ńkọ́? Owó ẹ̀ ò pọ̀.

Ẹniọlá
Voice note ò lè mú scraper ẹ dúró ṣánṣán.

Àṣàkẹ́ Akóbọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bá yín ṣé e. Mo ti pe obìnrin Bódìjà yẹn, mo sì bi í ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n béèrè. Èèyàn mẹ́rin ni. Oníkálukú ló máa ṣe kéèkì tirẹ̀ látòfo, kéèkì gidi, á sì gbé e lọ sílé. Fáànù ló ní, kò ní AC. Nígbà tí mo ní ṣé mo lè gbé kéèkì tí mo sè fúnra mi wá kó bá mi wò ó, ó ní òun gan-an fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Àmọ́ kò ní kọ́ wa ní alájà. Báwo ni mo ṣe máa rí ìyẹn kọ́?

Ìyá Ìbejì Agége
O ṣe dáadáa. Alájà kò le tó bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba èèyàn. Àjà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní board (páálí líle) tirẹ̀ nísàlẹ̀, kí board náà má fẹ̀ ju kéèkì lọ. Nínú èyí tó wà nísàlẹ̀, wà á gún igi dowel tàbí straw tó nípọn sí i, láàárín ibi tí èyí òkè máa jókòó sí. Kọ́kọ́ gún ọ̀kan wọlé, sàmì sí ibi tó bá ojú kéèkì mu, yọ ọ́, fi òun wọn gbogbo ìyókù kí gígùn wọn lè dọ́gba. Orí igi yẹn ni board òkè máa jókòó lé, kì í ṣe orí kéèkì. Tí ọ̀kan bá gùn ju ìyókù lọ, gbogbo ẹ̀ ti ń dagun nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, bí Ìbàdàn sí Èkó, má tò ó nílé. Gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ mọ́tò ni kó o gbé e sí, má gbé e sórí ìjókòó torí ìjókòó dagun. Tó o bá débẹ̀ lo máa tò ó.

Mo ní òde kan ní Sátidé tó kángun sí ìparí oṣù. Wá bá mi l'Ágége láàárọ̀, ká jọ lọ tò ó. Mi ò gba kọ́bọ̀, àmọ́ wà á bá mi gbé páálí.

Àṣàkẹ́ Akóbọ̀
Haa, Ìyá Ìbejì! Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé gan-an. Mò ń bọ̀, tó bá jẹ́ òru ni kí n ti gbéra.

Ẹniọlá
Èmi náà ńkọ́, mà? Mo lè gbé páálí dáadáa.

Ìyá Ìbejì Agége
Ìwọ tó ní kéèkì eléso ò dùn? Eléso ni àjà ìsàlẹ̀ o.

Màmá Tólú
Ẹ gé tèmi sọ́tọ̀!