Ṣé ó tún yẹ kí n fi ẹ̀rọ wo inú ikùn mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adátán ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Jẹjẹrẹ ikùn ló pa bàbá mi, òun náà ló sì pa ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ṣáájú. Láfún tí bàbá fẹ́ràn jù, òkèlè díẹ̀ ni wọ́n á jẹ, wọ́n á ti abọ́ sẹ́yìn pé àwọn ti yó.

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta èmi náà, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, wọ́n sì rí kòkòrò Helicobacter pylori, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1994. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kì í ní jẹjẹrẹ láéláé. Ti ìdílé wa ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo lo oògùn apakòkòrò oríṣi méjì pẹ̀lú omeprazole (oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù) fún ọjọ́ 14 bí dókítà ṣe kọ ọ́, mo sì tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn tí mo ti dá omeprazole dúró, nítorí ó lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Kò sí mọ́. Àwọn ará ilé ní kí n máa mu àgbo kún un, n kò tíì gbà.

Ìbéèrè mi ni pé: nígbà tí kòkòrò ti lọ tí inú kò sì ta mí mọ́, ǹjẹ́ ó ṣì yẹ kí n lọ fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo inú ikùn mi nítorí ìtàn ìdílé wa? Owó rẹ̀ kò kéré.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.