Àìsàn ìgbà èwe àti ìdánwò ara àwọn awakọ̀ òfurufú ológun

Ará Kétu béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní terminale C (kíláàsì àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama) níbí ní Kétu, ó sì ti pinnu pé ọkọ̀ òfurufú ológun lòun máa wà. Ó mọ̀wé dáadáa. Ìdánwò ara ló ń kọ mí lóminú. Gìrì mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 3. Ó ń fa Ventolin, oògùn asima, títí tó fi pé ọdún 10. Wọ́n ní AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún ti ṣẹ́ apá òsì rí, àwọn tó ń to eegun ló tò ó, kò dé ọsibítù. Èwo nínú wọn ló lè dá a dúró? Kí ló yẹ ká ṣe kó tó lọ síwájú dókítà? Àwọn kan ní kó má sọ ọ̀kankan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn àwọn tó ní kó pa á mọ́. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n máa ya radio (àwòrán inú ara), wọ́n máa ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Gbogbo ìyẹn ló máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìn tó ti wọlé, wọ́n lè lé e nítorí irọ́ náà, kódà kí àìsàn ọ̀hún má tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ léèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú gìrì. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni bóyá gìrì ibà ni àbí wárápá. Gìrì ibà lásán máa ń mú ọmọ láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, ara ọmọ á gbóná, kì í tó ìṣẹ́jú 15, kì í sì í padà wá láàárín wákàtí 24. Irú èyí kì í sábà dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ìbí kẹfà ni òfin ológun wọn fi ṣe ààlà: gìrì tó bá wáyé lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ń tọpa. Àmọ́ bí dókítà bá sọ nígbà náà pé neuropaludisme ni, tí ọmọ náà sì dákú lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ibà tó bá dé ọpọlọ lè fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀, kí wárápá sì ti ibẹ̀ yọ nígbẹ̀yìn. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n fún un ní Gardénal, oògùn tí kì í jẹ́ kí gìrì múni, àti iye oṣù tó lò ó. Bí carnet (ìwé ìlera) ìgbà ọmọdé rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ewé yẹn. Ó níye lórí ju ẹnu ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti AS, ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́?

Ará Kétu:

Ẹ ṣeun. Ìwé test d'Emmel ni, láti ọdún tó wọ collège.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:

Ìyẹn kò tó. Test d'Emmel kàn ń sọ pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ lára SS, kò sì lè rí C, bẹ́ẹ̀ C wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kó lọ ṣe électrophorèse, àyẹ̀wò tó ń ya oríṣi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì ń sọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èsì ẹni AS, A máa ń ju S lọ. S sábà máa ń wà láàárín 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí S bá ju A lọ, kì í ṣe AS lásán, ó lè jẹ́ S pẹ̀lú thalassémie (àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń bí mọ́ni), àìsàn nìyẹn. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí, kó dúró oṣù 4 kó tó ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni yóò da iye náà rú.

AS kì í ṣe fòníkú-fọ̀la-dìde. SS àti SC ni àrùn, ọkọ̀ ológun kò sì sí fún wọn. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lára ẹni AS ni òkè ọ̀run: láti nǹkan bí 3.000 mítà lọ sókè, bí kò bá sí ọ́síjìn ní imú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú la rate, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, kí ìrora ńlá sì gbé e. Ìbẹ̀rù yìí ló mú kí Air Force Academy, ilé ẹ̀kọ́ ológun òfurufú ti Amẹ́ríkà, máa kọ àwọn ẹni AS títí di 1981. Wọ́n ti yí i padà. Inú mi dùn sí i, torí àìmọye ọmọ tí ara wọn le koko ni wọ́n fi lé dànù.

Ọmọ Ṣábẹ:

Mo kí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n mú asima àti apá.

Ní Amẹ́ríkà, asima tó bá ṣì ń yọni lẹ́nu lẹ́yìn ọjọ́ ìbí kẹtàlá ni òfin ìgbanisíṣẹ́ ológun wọn ń kọ̀. Ọdún 10 ni tiyín ti dúró, ìyẹn dáa. Àmọ́ wọ́n máa ń yẹ awakọ̀ wò ju ọmọ ogun ilẹ̀ lọ. Atẹ́gùn inú ìbòjú ọ́síjìn gbẹ, bí ọkọ̀ bá sì yí bìrí, ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀. Bí ọ̀nà èémí bá dí níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó lọ ṣe spirométrie. Wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n á fún un ní Ventolin, á tún fẹ́. Bí VEMS rẹ̀ (atẹ́gùn tó fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́) bá fi 12 nínú ọgọ́rùn-ún àti 200 ml lé sí i, ọ̀nà èémí ṣì ń dí nìyẹn. Àwọn ológun lè fi méthacholine, oògùn tí wọ́n fi ń dán ọ̀nà èémí wò bóyá ó máa fún, kún un: bí VEMS bá já wálẹ̀ ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè má gbà á. Kó má lọ ṣe é pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, kódà kó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 6 kọjá lẹ́yìn rẹ̀, torí ọ̀fìnkìn lè mú kí ọ̀nà èémí tó dáa dà bí ti alásima. Ìgbà ọyẹ́ pàápàá kò dáa fún un.

Apá òsì kì í ṣe ohun kékeré. Nínú ọkọ̀ ìjà oníjòkòó kan, ọwọ́ òsì ló máa ń wà lórí manette tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ wo bóyá wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kó fi igbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kó di bíírò mú lóòró, kó yí ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ á fi wo òkè, kó tún yí i kó wo ilẹ̀. Bí bíírò kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ lápá méjèèjì bíi ti ọwọ́ ọ̀tún, eegun náà kò so pọ̀ dáadáa. Kó ya radio face àti profil (láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́), kí igbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ hàn nínú rẹ̀. Bó bá wọ́, dókítà eegun ni kó rí. Kó má ṣe padà sọ́dọ̀ ẹni tó tò ó.

Awoyé-Ọ̀run:

Ẹ má gbàgbé etí. Bó bá ti ní etí tó ń tú rí, kí dókítà ORL (ti etí, imú àti ọ̀fun) wò ó bóyá awọ etí ti lu. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni etí ń dunni jù, torí ihò tó so etí mọ́ ọ̀fun máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ṣùgbọ́n awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí i fúnra rẹ̀ bó bá ń sọ̀. Kó tó ṣe audiogramme, àyẹ̀wò bó ṣe ń gbọ́ràn, kó sá fún ariwo fún wákàtí 14: kò sí òde ijó, kò sí orin létí.

Àwọn ológun Faransé ń fi lẹ́tà 7 to ìlera èèyàn, SIGYCOP: apá, ẹsẹ̀, gbogbo ara, ojú, àwọ̀ rírí, etí, ọpọlọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ọmọ yín lè ní 1 ní gbogbo ibi yòókù, kí àwọ̀ pupa àti ewé tí kò lè yà sọ́tọ̀ dá a padà, kò sì sí oògùn fún ìyẹn. Kó ṣe Ishihara, àyẹ̀wò àwọ̀ rírí, ná, kò wọ́n, kó tó náwó sórí ìyókù.

Ní ti EEG, àyẹ̀wò iná ọpọlọ, ẹ má sáré lọ ṣe é nítorí gìrì ọmọ ọdún 3. Bí wọ́n bá pàṣẹ rẹ̀, kó bi wọ́n bóyá kó sùn àbí kó má sùn lóru tó ṣáájú. Kó mú électrophorèse, radio, spirométrie àti ẹ̀dà carnet lọ nínú fáìlì kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà ni kó fún wọn, kó má fún wọn ní ojúlówó ìwé.