Mo ti kọ ALL: ALL sí hosts.deny, síbẹ̀ yàrá àwọn ọmọ ṣì ń kan sáfà wa

Tísà kọ̀ǹpútà, Kàbà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Orí Rocky Linux 9 (irú Linux kan) ni sáfà tí a ń kó èsì ìdánwò sí wà. Ọ́fíìsì àwa olùkọ́ wà lórí 192.168.10, yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wà lórí 192.168.20. Mo kọ `ALL: ALL` sínú /etc/hosts.deny kó lè dí gbogbo ènìyàn, mo kọ `sshd: 192.168.10.` sínú /etc/hosts.allow kó lè gba ọ́fíìsì nìkan láàyè (sshd ni ètò tó ń gba ssh, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti orí ẹ̀rọ mìíràn). Síbẹ̀, tí mo bá jókòó sí yàrá àwọn ọmọ, ssh ṣì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ìdánwò ti dé tán, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìyàrà
Okun, tísà. Ṣé àmì ìdúró tó kẹ́yìn `192.168.10.` wà níbẹ̀? Ẹ tún sshd tàn.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà
Àbúrò, àmì yẹn ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Tísà, kò sí ohun tó ń ka fáìlì méjèèjì yẹn lórí sáfà yín. TCP Wrappers, ètò ìdènà àtijọ́ tí Wietse Venema kọ ní 1990, ló ń kà wọ́n. OpenSSH, ibi tí sshd ti wá, ti yọ ọ́ kúrò láti ẹ̀dà 6.7 ní 2014. Red Hat yọ ọ́ nínú RHEL 8, ìyẹn Linux tiwọn, Rocky sì ń tẹ̀ lé Red Hat. Debian, irú Linux mìíràn, ṣì fi sílẹ̀ nínú sshd tiwọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì kò ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ tẹ èyí, kí ẹ wò bóyá sshd yín ń lo libwrap, ìyẹn láíbìrérì TCP Wrappers:

`ldd /usr/sbin/sshd | grep libwrap`

Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ gbàgbé hosts.deny. firewalld, ògiri ìdáàbòbò tó wà lórí sáfà yín, ni kí ẹ lò:

`firewall-cmd --add-rich-rule='rule family="ipv4" source address="192.168.10.0/24" service name="ssh" accept'`
`firewall-cmd --remove-service=ssh`

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi `--permanent` sí i. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ta, kí ẹni tó wà nítòsí pa sáfà kó sì tún un tàn, yóò padà sí bó ṣe wà. Ìgbà tó bá dá yín lójú ni kí ẹ tẹ `firewall-cmd --runtime-to-permanent`.

Ìyá Ìsánlú
Ẹ wo cockpit náà o, ojú ewé tí a fi ń darí sáfà láti inú bíráúsà. Ó máa ń wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí port 9090, pásíwọ́ọ̀dù kan náà ló sì ń gbà. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni pé ọmọ tó bá gbọ́n lè ki wáyà bọ ẹ̀rọ ọ́fíìsì, kó gba àdírẹ́sì 192.168.10. Ẹ ṣe key (fáìlì àṣírí tí a fi ń wọlé dípò pásíwọ́ọ̀dù) fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi `PasswordAuthentication no` sí sshd_config. Kí ẹ tó tún sshd tàn, ẹ fi `sshd -t` yẹ̀ ẹ́ wò.

Tísà kọ̀ǹpútà, Kàbà
Ẹ ṣeun gan-an. libwrap ò jáde lóòótọ́. Mo ti ṣe ti firewalld: yàrá àwọn ọmọ ń rí "No route to host" báyìí, ọ́fíìsì ń wọlé. Cockpit wà ní ṣíṣí bí màmá ṣe wí, mo ti yọ ọ́. Bí mo bá wà ní Lọ́kọ́ja tí mo fẹ́ wọlé ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà
Ẹ má ṣí ssh sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé WireGuard kalẹ̀, ìyẹn VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba inú rẹ̀ wọlé. Ẹ parí ti key ná.